Gegele Iwájú Ilé Insáfù

Ẹ má tíì na ọwọ́ sí dàbínù yẹn. Oòrùn ò tíì wọ̀, ẹnu yín ṣì gbẹ, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ gbọ́ ìwàásù. Kì í ṣe ìwàásù ni mo fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo ti ń gbé mì láti àwẹ̀ dé àwẹ̀. Òní ni màá bì í jáde níwájú gbogbo yín, kí wọ́n tó pe ìrun. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, ó ní kí n má gun àtẹ̀gùn, kí n má sì bínú. Kò ní kí n má sọ òótọ́. Bí mo bá ṣubú kí n tó parí rẹ̀, ẹ bi ọkùnrin tó dé fìlà dúdú níparí tábìlì yẹn léèrè. Ó mọ èyí tó kù.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ mí. Mutawálì ni orúkọ mi, Bàbá Ẹlẹ́yin lẹ ń pè mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, torí pé gegele tó wà níwájú ilé Insáfù yẹn, ẹ bá a nílẹ̀ ni. Ẹ ń gùn ún kọjá lójoojúmọ́, ẹ sì ń ṣépè fún un. Ẹ ò mọ bí òpópónà yìí ṣe rí kí ó tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, tí wọ́n bá ti irin dí títì ńlá, gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á yà sọ́dọ̀ wa, wọ́n á máa sá eré àsápajúdé láàárín ilé àwọn ènìyàn. Ìjọba ri pátákó kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ọgbọ̀n sí i, pé ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí pátákó yẹn ṣe fún wa ni pé àwọn ọmọ ń fi bọ́ọ̀lù sọ ọ́. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì kan gbá ọmọ Ràgábù, ọkùnrin tó ń bá wa lọ aṣọ, tí apá ọmọ náà kán, Insáfù sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú ọpọ́n sìmẹ́ǹtì lórí.

Aránṣọ ni Insáfù, ó ń lo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ. Ó dúró sáàárín títì, ó ní, ‘Bí a bá ní ká dúró de ìjọba, ọmọ á tán lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá ní yanrìn nílé kó gbé e wá. Ẹni tí kò bá ní, kó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá.’ Kò sí ilé tí kò mú nǹkan wá. Wọ́n pò ó, wọ́n tẹ́ ẹ sójú títì, ó ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, Insáfù sì fi ọ̀dà funfun tó ṣẹ́ kù nílé rẹ̀ kùn ún. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì tó bá dé ibẹ̀ á tẹ búréèkì, á rọra gùn ún bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga síta. Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi èmi.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo máa ń kó ẹyin láti oko adìyẹ sẹ́yìn ọkọ̀ mi, kíréètì lórí kíréètì, orí gegele yẹn nìkan ni mo sì lè gbà wọlé. Bí mo bá ti gùn ún, màá gbọ́ kẹ̀, kẹ̀ lẹ́yìn, màá mọ̀ pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti lọ. Mo lè rọra wakọ̀. Àbí ta ló ní kí n máa sáré? Ṣùgbọ́n mo ti ń wakọ̀ ní òpópónà yìí kí wọ́n tó bí Insáfù, kò sì sí ẹni tó bi mí kí wọ́n tó pò sìmẹ́ǹtì. Mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú ń bí mi, mo ní, ‘Ìwọ obìnrin yìí, ta ló fi ọ́ jẹ ọ̀gá ojú títì?’ Kò bínú. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní, ‘Bàbá Ẹlẹ́yin, ẹ gba tèmi rò. Adìyẹ rọbí títí, ó yé, ẹ̀yin wá ń fi eré ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń tọ́jú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?’ Àwọn tó jókòó síta bú sẹ́rìn-ín. Bàyúmì tó ń wa Màrúwá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í dákẹ́ ẹnu, ló rẹ́rìn-ín jù, ó sì tún ní, ‘Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá! Èmi náà ò fẹ́ràn nǹkan yìí, ó ti ba ìdí jẹ́ fún mi. Eyín mi báyìí ni màá fi hú u lọ́jọ́ kan!’ Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, torí pé èmi ò gbàgbé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ mi bá ti yọ, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ẹ̀rín lásán ni. Ènìyàn tó ní ìyàwó nílé á wọlé, á sọ ọ́, ìyàwó á ní, ‘Má dá wọn lóhùn, wá jẹun,’ ọ̀rọ̀ á parí. Tàfídà ìyàwó mi ti kú, ọmọ mi wà ní Kùwéètì. Nígbà tí mo bá wọlé, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ̀rín tó yẹ kó parí síta bá mi wọlé, ó bá mi jókòó, ó bá mi sùn. Ẹ sì tún wo ìwà mi o: Insáfù tí mo ń bá yodì yìí, òun náà ló ń gbé oúnjẹ ìṣínu sọdá fún mi lójoojúmọ́ nínú oṣù àwẹ̀. Ó ní Tàfídà bẹ òun kó tó kú, pé kí òun má jẹ́ kí n máa fi búrẹ́dì gbígbẹ ṣínu. Mo ń gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè ni mo máa ń wò bí mo bá ń gbà á, kí ojú wa má baà pàdé.

Ẹ mọ bí ibí yìí ṣe máa ń dá páropáro bí wọ́n bá pe ìrun àṣálẹ́ nínú oṣù àwẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ bí òní, tí a tẹ́ tábìlì síta. Ọjọ́ lásán ni mò ń sọ, tí oníkálukú wà nídìí àwo rẹ̀, tí ológbò pàápàá kì í kọjá lójú títì. Ọjọ́ kan báyìí, Insáfù gbé oúnjẹ mi wá, ó padà sílé rẹ̀, wọ́n pe ìrun. Mo fi dàbínù kan ṣínu, mo mu omi, mo wo ojú títì láti ojú fèrèsé, mo rí i pé kò sí ènìyàn. Mo gbé dígà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rín yín ló fà á. Irọ́ ni. Ẹ̀rín kì í gbé dígà fún ènìyàn, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e. Ohùn mọ́sáláṣí ń lọ, ṣíbí ń kan àwo nínú gbogbo ilé, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mi. Yanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ nínú gegele náà, ó sì ń wó bí búrẹ́dì tó ti pẹ́. Mo hú u, mo kó àfọ́kù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, mo da aṣọ bò ó. Nígbà tí mo padà wọlé, oúnjẹ Insáfù ṣì gbóná. Mo fọ ọwọ́, mo jókòó, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin jáde láti lọ kírun àṣàmù, ariwo ta. Àwọn kan ní ìjọba ló hú u, àwọn kan ní àwọn onímọ́tò ni. Insáfù wo ibẹ̀ títí, ó ní, ‘Kò burú. Bí a bá ti ṣọdún Ìtúnu tán, a óò ṣe òmíràn, èyí tí yóò le ju tàkọ́kọ́ lọ. Bàbá Ẹlẹ́yin, ẹ má wulẹ̀ yọ̀, ìsinmi ráńpẹ́ lẹ rí.’ Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo rín yẹn ṣì ń dójú tì mí dòní.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìṣínu kù díẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń retí àwo. Kò sí ìgbà tí ojú títì burú tó àsìkò yẹn. Awakọ̀ ti gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀, orí ń fọ́ ọ, ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ló ń rí lójú, ó sì fẹ́ délé kí wọ́n tó pe ìrun. Ẹsẹ̀ tiwa sì ti gbẹ́kẹ̀ lé gegele náà. Láti ìgbà tí a ti ṣe é, kò sí ẹni tó ń wo ọ̀tún wo òsì mọ́ níbẹ̀, ọkọ̀ máa ń dúró fún wa ni. Insáfù jáde pẹ̀lú àwo tó fi aṣọ bò, ó sì sọdá bó ṣe máa ń sọdá, ojú rẹ̀ wà lára àwo kí ọbẹ̀ má baà dà. Mo rí bọ́ọ̀sì kan tó ń sáré bọ̀ kí Insáfù tó rí i. Mo lanu. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ohùn jáde.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó wà nílẹ̀, ìrẹsì tó fi ewé àjàrà dì fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìka ọmọdé, ti fọ́n ká sójú títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣeé wò. Ó la ojú, ó rí mi, ó ní, ‘Bàbá Ẹlẹ́yin, ẹ má bínú o. Oúnjẹ yín ti dà nù.’ Awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀, ó ń ké pé, ‘Gegele dà? Gegele ni mò ń wò kí n tó tẹ búréèkì! Gegele tó wà níbí dà?’ Èmi mọ ibi tó wà. Àfọ́kù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, lábẹ́ aṣọ.

Ẹ ní sùúrù, oòrùn ṣì wà. Ibi tó burú jù ni mò ń lọ yìí.

Ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn ọkùnrin kó ara wọn jọ síbí yìí gan-an, níwájú mọ́sáláṣí. Wọ́n ti fa Bàyúmì sáàárín. Ràgábù ní, ‘Ṣebí ìwọ lo ní eyín rẹ lo máa fi hú u?’ Bàyúmì ní, ‘Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ ti rí eyín tó ń hú kọnkéré rí? Mo dápàárá ni! Mo wà lẹ́nu àwẹ̀, Wọ́láhì, mi ò fọwọ́ kàn án.’ Ẹnì kan wá ní, ‘Ojú fèrèsé Bàbá Ẹlẹ́yin ló kọjú sí ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi bàbá.’ Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo lè ní mi ò rí nǹkan kan. Irọ́ ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ara mi nìkan ni ì bá bò. Àmọ́ mo rí i tí ojú ọkùnrin kan ń lọ sí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò mi, níbi tí eruku ọ̀dà funfun gegele náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní, ‘Mo rí i. Dígà ló gbé lọ́wọ́.’

Bàyúmì rìn wá síwájú mi, ó tẹ̀ ba kí ojú wa lè ṣe mẹ́rin, ó ní, ‘Bàbá Ẹlẹ́yin, ẹ tún mi wò dáadáa. Ṣé èmi lẹ rí?’ Mo wò ó. Mo ní, ‘Ìwọ ni.’

Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, kò sí èyí tó burú tó ìyẹn. Gegele, ìbínú ni mo fi hú u. Insáfù, mi ò mọ̀ pé òun ni yóò kàn. Ṣùgbọ́n Bàyúmì, mo wo ojú rẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu tí mo fi ń gbààwẹ̀ ni mo sì fi ṣe é. Wọ́n lù ú. Wọ́n fọ́ gíláàsì Màrúwá rẹ̀. Kí ọdún tó pé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀ títí ẹnì kan fi ká a. Nígbà tí a sì ń ṣe gegele tuntun, ta ló ru yanrìn jù? Èmi ni. Ẹ ń kí mi pé mo kú iṣẹ́. Mò ń dáhùn.

Ẹsẹ̀ Insáfù ò gbé e mọ́. Láti ìgbà náà ló ti wà lórí àga lókè yẹn, níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo yín lẹ máa ń gòkè lọ kí i. Èmi ò lọ rí, mo ní orúnkún ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún Tàfídà, kò sì yẹ̀ ẹ́. Ó so okùn mọ́ agbọ̀n, bí wọ́n bá fẹ́ pe ìrun, á gbé àwo sínú rẹ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀, á pè mí. ‘Bàbá Ẹlẹ́yin! Ẹ bọ́ síta o, kí ológbò má baà ṣínu ṣáájú yín!’ Èmi náà á ní, ‘Mò ń bọ̀, oníwàhálà.’ Á ní, ‘Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì kí ẹ tó sọdá o. Ẹ̀yin nìkan la ní.’ Òun ló ń sọ ìyẹn fún mi. Èmi á wo ọ̀tún, màá wo òsì, màá lọ gba àwo, màá jẹ́ kó fa agbọ̀n òfìfo padà sókè.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wà tó jẹ́ pé ohùn yẹn nìkan ló pe orúkọ mi láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni mò ń bẹ̀rù, ẹ̀wọ̀n kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé lọ́jọ́ tí mo bá jẹ́wọ́, kò ní sí ẹni tí yóò tún pè mí mọ́.

Nígbà tí àwẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ dúró ti alùpùpù yín lábẹ́ fèrèsé mi. Ọ̀kan ní, ‘Ẹ jẹ́ ká hú nǹkan yìí jàre. Ṣebí Bàyúmì nìkan ló dá a hú nígbà kan?’ Ẹ rẹ́rìn-ín. Èkejì ní, ‘Àsìkò ìṣínu ló dáa jù, kì í séèyàn níta.’ Ohun tí mo rò lọ́kàn nígbà yẹn lọ́hùn-ún ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ tí mi ò bí. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Bìlbéìsì, ìlú tí mo gbọ́ pé Bàyúmì kó lọ, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn onímàrúwá títí mo fi rí i. Táyà ló ń lẹ báyìí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀, kò sì kí mi. Mo kúnlẹ̀ sórí epo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi àgbàlagbà. Ó ní, ‘Ẹ dìde. Nígbà tí bàbá mi kú, kò sí ẹnì kan ní òpópónà yín tó wá bá mi sin ín. Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí ẹ ti ní ẹ rí mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé ẹ ò rí mi. Lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.’

Òun ló jókòó yẹn. Bàyúmì, ṣí fìlà rẹ. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ fọ́ gíláàsì rẹ̀. Mi ò rí i. Màá tún un sọ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: mi ò rí Bàyúmì. Ara mi ni mo rí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fọwọ́ kan gegele yẹn. Bí ó bá ń ba alùpùpù yín jẹ́, ẹ rọra gùn ún. Oúnjẹ tí ẹ ń sáré lọ jẹ ò ní sá, ẹni tó ń gbé àwo sọdá ni kò ní lè sá fún yín. Àti pé bí inú bá ń bí yín nítorí pé wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹnì kan sọ ọ́ fún kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ì bá kan ilẹ̀kùn ilé kan, ilé èyíkéyìí. Ẹ̀yin ì bá ti ní kí n wọlé.

Insáfù, mo rí ọ lókè yẹn. Agbọ̀n wà lórí itan rẹ. Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kí n gòkè wá. Mo ń fi dókítà ṣe àwáwí, ẹ̀rù ojú rẹ ló ń bà mí. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá rí i ṣe lọ́jọ́ kan, ṣe é fún mi. Bí o ò bá sì rí i ṣe, mi ò ní bá ọ yodì, mo ti yodì tó. Má gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, mo ti ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti purọ́ mọ́ Bàyúmì, kò tíì jẹ òkèlè kan ní òpópónà yìí.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Ẹ mu omi, ẹ ṣínu, ẹ má dúró dè mí. Okùn ti ń sọ̀kalẹ̀. Rárá, ẹ má wò mí, mi ò ní dìde. Bàyúmì, dìde. Orúkọ rẹ ni Insáfù ń pè.